Ìgbóná Ara Rẹ̀ Nìkan Ló Mọ̀: Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ lórí Sẹ́ńsọ̀ Ìgbóná ní Iléeṣẹ́ Símẹ́ńtì

 

Ìbéèrè tí àwọn ènìyàn máa ń bi mí jù lọ nínú iṣẹ́ yìí ni pé: nínú gbogbo sẹ́ńsọ̀ tó ń wọn ìgbóná, èwo ló dáa jù? Ẹni tó fẹ́ ra ọjà a máa retí kí n pe orúkọ kan, kí ó kọ ọ́ sílẹ̀, kí ó máa lọ. Dípò orúkọ, ìbéèrè ni mo máa ń fi dá a lóhùn. Níbo lẹ fẹ́ fi í sí? Kí ni yóò máa kàn án lára níbẹ̀? Báwo ni wáyà rẹ̀ yóò ṣe gùn tó kí ó tó dé yàrá ìdarí? Àwọn mìíràn máa ń rò pé mò ń fi ọ̀rọ̀ pamọ́ fún wọn ni.

Gbólóhùn kan ni mo gbé wá lónìí, àlàyé rẹ̀ ni ìyókù. Sẹ́ńsọ̀ kò mọ ìgbóná ohun tí a tì í bọ̀. Ìgbóná ara rẹ̀ nìkan ló mọ̀. Bí nọ́ńbà 862 bá hàn lójú kọ̀ǹpútà ní yàrá ìdarí, ohun tí nọ́ńbà náà ń sọ ni pé ṣóńṣó sẹ́ńsọ̀ wà ní 862°C, ìyẹn bí wáyà kò bá ti parọ́ lójú ọ̀nà. Bóyá afẹ́fẹ́ tó yí i ká náà wà ní 862, ọ̀rọ̀ mìíràn nìyẹn, ọ̀rọ̀ náà sì wà lọ́wọ́ ẹni tó fi sẹ́ńsọ̀ síbẹ̀.

Iléeṣẹ́ símẹ́ńtì ni mo fẹ́ fi ṣe àpẹẹrẹ, nítorí pé ó ṣọ̀wọ́n kí a tó rí ibi tí gbogbo irú sẹ́ńsọ̀ ìgbóná ti pàdé bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ náà kì í sì í ṣe àjèjì sí wa. Láti 1960 ni Ewékorò ti ń ṣe símẹ́ńtì. Ṣágámù tẹ̀ lé e. Ibeṣe dé ní 2012. Ní Onígbolo, lẹ́bàá Pobè, ìjọba Benin àti ti Nàìjíríà ló jọ dá iléeṣẹ́ ibẹ̀ sílẹ̀. Òkúta ẹfun tó wà lábẹ́ ilẹ̀ agbègbè náà kò mọ ibi tí aṣọ́bodè dúró sí.

Òkúta ẹfun àti amọ̀ ni wọ́n ń lọ̀ kúnná. Ìyẹ̀fun náà á wá máa sọ̀ kalẹ̀ nínú ilé gogoro kan, níbi tí afẹ́fẹ́ gbígbóná láti ìsàlẹ̀ ti ń pàdé rẹ̀. Nígbà tó bá fi dé nǹkan bí 850 sí 900°C, gáàsì kábọ́ọ̀nù ti ń jáde lára òkúta ẹfun. Lẹ́yìn náà ló máa wọ inú ìléru, páìpù irin ràgàjì kan tó dà gẹ̀rẹ̀ díẹ̀, tó ń yí, tí wọ́n fi bíríkì tẹ́ inú rẹ̀. Níbẹ̀ ni ìyẹ̀fun ti ń dé 1,450°C tí ó sì ń di kílíńkà. Ahọ́n iná tó wà nínú rẹ̀ fúnra rẹ̀ sún mọ́ 2,000°C. Wọ́n á fẹ́ kílíńkà títí yóò fi tutù dé nǹkan bí 100°C, wọ́n á fi jípúsọ́ọ̀mù díẹ̀ sí i, wọ́n á lọ̀ ọ́, ó di símẹ́ńtì. Ibi tí wọ́n ti ń lọ̀ ọ́ yìí pàápàá ń fẹ́ ìṣọ́ra: bí ó bá gbóná kọjá ààlà, omi inú jípúsọ́ọ̀mù á gbẹ, símẹ́ńtì náà á sì máa le lójijì lọ́wọ́ bíríkìlà kí ó tó tẹ́ ẹ tán.

Ẹ ò rí i? Láti ìgbóná ọ̀sán gangan títí dé 2,000°C nínú ọgbà kan ṣoṣo. Ibì kan ń mì, ibì kan ń yí, eruku bo gbogbo rẹ̀. Ẹni tó bá ní irú sẹ́ńsọ̀ kan ṣoṣo ló dáa jù kò tíì wọ ibẹ̀ rí.

Inú ilé gogoro ni kí a ti bẹ̀rẹ̀, tẹmọkọ́pù ló jọba níbẹ̀. Ní 1821, ní ìlú Berlin, Thomas Johann Seebeck so irin oríṣi méjì pọ̀ bí òrùka, ó mú ojú ìso kan gbóná, ó fi èkejì sílẹ̀, abẹ́rẹ́ kọ́ńpáàsì tó wà nítòsí sì yí. Seebeck gbà pé ooru ló bí agbára mágínẹ́ẹ̀tì. Hans Christian Ørsted, ọmọ ilẹ̀ Denmark, ló là á yé àwọn ènìyàn pé iná mànàmáná ló ń ṣàn nínú òrùka náà, iná yẹn ló sì ń yí abẹ́rẹ́.

Ohun kan náà ni tẹmọkọ́pù títí dòní: wáyà méjì tí irin wọn kò jọra, tí a jó pọ̀ ní ṣóńṣó. Kò fẹ́ bátìrì, ooru ló ń fún un ní iná. Ṣùgbọ́n iná náà kéré gan-an. Ẹ jẹ́ ká mú oríṣi K, èyí tó wọ́pọ̀ jù. Níkẹ́ẹ̀lì tí a pò mọ́ kurómíọ̀mù ni apá kan rẹ̀, níkẹ́ẹ̀lì tí a fi alumíníọ̀mù díẹ̀ sí ni apá kejì. Bí ìdí rẹ̀ bá wà ní 0°C, tí ṣóńṣó rẹ̀ sì wà ní 100°C, mílífóòtì 4.096 ni yóò mú wá. Ní 1,000°C, mílífóòtì 41.276. Bátìrì tọ́ọ̀ṣì kan ṣoṣo, mílífóòtì 1,500 ni. Nítorí náà, ohun tó bá kan wáyà yìí lójú ọ̀nà, bó ti wù kó kéré mọ, yóò hàn nínú nọ́ńbà.

Ẹ kíyè sí ọ̀rọ̀ tí mo sọ pé "bí ìdí rẹ̀ bá wà ní 0°C". Ìyàtọ̀ tó wà láàárín ṣóńṣó àti ìdí ni tẹmọkọ́pù ń sọ. Ìdí rẹ̀ sì rèé, inú àpótí kan lára ògiri ló wà, kò sí yìnyín níbẹ̀. Bí inú àpótí bá wà ní 40°C, tí ẹ̀rọ kò sì fi 40 yẹn kún un, nọ́ńbà tí a ó rí yóò dín ní nǹkan bí 40. Ìdí nìyí tí ẹ̀rọ òde òní fi ní sẹ́ńsọ̀ kékeré mìíràn nínú ara rẹ̀ tó ń wọn ìgbóná ojú síkúróò tí a de wáyà mọ́. Ẹ ò rí i pé tẹmọkọ́pù ò dá dúró: sẹ́ńsọ̀ kan ló fẹ̀yìn tì. Bí fáànù àpótí bá ń fẹ́ sí sẹ́ńsọ̀ kékeré náà lára tí kò sì fẹ́ sí ojú síkúróò, irọ́ ti wọ̀ ọ́.

Níbi wáyà ni mo ti fẹ́ dúró pẹ́ díẹ̀, Alága, ẹ jọ̀wọ́ ẹ bá mi mú sùúrù. Láti ilé gogoro dé yàrá ìdarí lè tó ọgọ́rùn-ún mítà. Wáyà tó máa gba àárín yẹn gbọ́dọ̀ jẹ́ irú irin kan náà pẹ̀lú tẹmọkọ́pù, tàbí irin tí wọ́n ṣe láti máa hùwà bíi tirẹ̀. Ó wọ́n ju wáyà bàbà lọ dáadáa. Nígbà tí kò bá sí ní sítọ́ọ̀, ẹni tó ń ṣiṣẹ́ á wo ọ̀tún wo òsì, á fa wáyà bàbà lásán, á ní ṣebí iná ló ń gbà á kọjá. Iná ń gbà á kọjá lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ìdí tẹmọkọ́pù ti kúrò nínú àpótí, ó ti bọ́ sí orí sẹ́ńsọ̀ lára ilé gogoro, níbi tí ìgbóná lè tó 80°C. Ẹ̀rọ yóò fi 30 tó wà nínú yàrá ìdarí kún un, a ó sì pàdánù 50. Irú àṣìṣe yìí kì í dún, kì í sì í fọ́ nǹkan. Á kàn jókòó síbẹ̀ lọ́dọọdún, àwọn tó ń darí ìléru á máa sun epo kún epo nítorí pé nọ́ńbà ní ooru kò tó.

Àwọ̀ wáyà ló tún burú. Nínú òfin Amẹ́ríkà, apá àròpọ̀ (+) oríṣi K jẹ́ yẹ́lò, apá àyọkúrò (−) rẹ̀ pupa. Nínú òfin àgbáyé ti IEC, àròpọ̀ jẹ́ àwọ̀ ewé, àyọkúrò funfun. Nínú òfin àtijọ́ ti àwọn Gẹ̀ẹ́sì, àròpọ̀ jẹ́ búráùn, àyọkúrò búlúù. Àwọn iléeṣẹ́ wa ra ẹ̀rọ láti Jámánì, wọ́n ra láti Ṣáínà, wọ́n ra láti Amẹ́ríkà, gbogbo rẹ̀ ló sì pàdé nínú àpótí kan. Ọmọkùnrin tó kọ́ iṣẹ́ iná ilé ti mọ̀ láti kékeré pé pupa ni iná wà. Bí ó bá rí pupa lára wáyà Amẹ́ríkà, ojú àròpọ̀ ló máa dè é mọ́. Ó ti yí i padà.

Bí ó bá yí i padà níbì kan ṣoṣo, a ó tètè mọ̀, torí pé nọ́ńbà á máa ṣe ségesège. Èyí tó léwu ni kí ó yí wáyà àárín padà ní ìdí méjèèjì: lórí sẹ́ńsọ̀, àti nínú àpótí. Nígbà náà, tí ooru bá ń lọ sókè, nọ́ńbà náà á máa lọ sókè; tí ó bá ń wálẹ̀, á máa wálẹ̀. Gbogbo ènìyàn á ní ó dáa. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ká ní orí sẹ́ńsọ̀ wà ní 60°C, tí àpótí sì wà ní 25°C. Ìyàtọ̀ wọn jẹ́ 35. Wáyà tí a yí padà kò ní fi 35 kún un, yíyọ ni yóò máa yọ ọ́ kúrò, nítorí náà àṣìṣe wa jẹ́ 35 lọ́nà méjì, ìyẹn 70°C. Nọ́ńbà yóò fi 70 kéré ju òtítọ́. Ní òwúrọ̀ kùtùkùtù tí ìléru kò ṣiṣẹ́, tí ohun gbogbo tutù bákan náà, àṣìṣe náà á pòórá, ẹni tó wá yẹ̀ ẹ́ wò á sì lọ sọ pé òun kò rí nǹkan kan.

Ohun kan wà tó ń gbani níbẹ̀, ó sì pọ̀ níbi gbogbo: mágínẹ́ẹ̀tì. Apá àyọkúrò oríṣi K a máa lẹ̀ mọ́ mágínẹ́ẹ̀tì, apá àròpọ̀ kì í lẹ̀. Ti oríṣi J yàtọ̀, apá àròpọ̀ rẹ̀ jẹ́ irin gidi, òun ni mágínẹ́ẹ̀tì ń fà. Kò sí òfin orílẹ̀-èdè kankan tó lè yí ìyẹn padà.

Ọ̀kan ṣì kù kí n tó kúrò lórí wáyà. Bí ooru bá jó rọ́bà ara wáyà méjèèjì, tí wọ́n sì kan ara wọn lójú ọ̀nà, tẹmọkọ́pù kò ní kú. Ibi tí wọ́n ti kanra yẹn di ṣóńṣó tuntun, ìgbóná ibẹ̀ ni yóò sì máa rán sí wa. Nọ́ńbà tó jọ òtítọ́, láti ibi tí a kò rán an sí.

Tẹmọkọ́pù K a máa gbó pẹ̀lú. Níbi tí afẹ́fẹ́ ọ́síjìn kò ti tó, láàárín 800 sí 1,050°C, kurómíọ̀mù inú apá kan rẹ̀ a máa jóná kúrò, iná tó ń mú wá á sì máa dín kù díẹ̀díẹ̀. Ìsàlẹ̀ ilé gogoro sì rèé, inú ìwọ̀n yẹn gan-an ló bọ́ sí. Oríṣi N ni wọ́n ṣe láti dojú kọ àìsàn yìí, ó sì ń fara dà á ju K lọ. Èmi kò mọ ìdí tí àwọn iléeṣẹ́ wa fi ń ra K síbẹ̀ lọ́dọọdún, àfi ti pé òun ni wọ́n bá nínú ìwé. Oríṣi S, R àti B ni a fi pilatínọ́ọ̀mù àti ródíọ̀mù ṣe, wọ́n lè dé 1,500°C àti jù bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n owó wọn kì í ṣe owó kékeré.

Ẹ jẹ́ ká sọ̀ kalẹ̀ síbi tí ooru ti kéré ṣùgbọ́n tí ìnáwó rẹ̀ pọ̀: bíárìn ẹ̀rọ ìlọ̀ àti kọ́ìlì inú mọ́tọ̀ iná tó ń yí i. Níbẹ̀, láti 60 dé 75°C lè jẹ́ ìyàtọ̀ láàárín iṣẹ́ àti ìparun. Sẹ́ńsọ̀ tó lè fi dígírì méjì ṣìnà kò yẹ ibẹ̀. Pt100 ló yẹ ibẹ̀.

Pilatínọ́ọ̀mù ni Pt100, ìdènà rẹ̀ sí iná jẹ́ ọ́ọ̀mù 100 ní 0°C. Bí ó bá ṣe ń gbóná sí i ni ìdènà náà ń pọ̀ sí i: ní 100°C, ó ti di 138.51. Ní 1871, William Siemens, ọmọ Jámánì tó di ará Ìlú Ọba, dábàá pé kí wọ́n máa fi pilatínọ́ọ̀mù wọn ìgbóná báyìí. Ti Siemens kò dúró déédéé. Hugh Callendar, ní Cambridge, ló fi hàn ní nǹkan bí ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lẹ́yìn náà pé bí a bá tọ́jú wáyà náà kí nǹkan má bà á jẹ́, kí a má sì fún un lọ́rùn, ó ṣe é gbára lé pátápátá. Ó ṣe é gbára lé débi pé nínú òfin ìwọ̀n ìgbóná àgbáyé tí a ń lò láti 1990, ITS-90, tẹmọ́mítà pilatínọ́ọ̀mù ni alákòóso láti ìsàlẹ̀ ìtutù tó ré kọjá ti yìnyín títí dé 961.78°C, ibi tí fàdákà yíyọ́ ti ń dì.

Ẹ fi wọ́n sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn ní 100°C. Pt100 tó jẹ́ kíláàsì A lè ṣìnà pẹ̀lú 0.35, kíláàsì B pẹ̀lú 0.8. Tẹmọkọ́pù K tó dára jù, 1.5, èyí tó wà lọ́jà káàkiri, 2.5. Níhìn-ín, kò sí àríyànjiyàn. Ṣùgbọ́n ẹ gbé Pt100 lọ sí ìsàlẹ̀ ilé gogoro, kí ooru 900 àti ìmìtìtì máa nà án, kò ní pẹ́ bàjẹ́. Lẹ́yìn 600°C, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí iléeṣẹ́ ń lò kò wúlò mọ́.

Pt100 ní wàhálà wáyà tirẹ̀, kò sì jọ ti tẹmọkọ́pù. Wáyà bàbà lásán tó o, àmọ́ wáyà bàbà náà ní ìdènà. Dígírì kan jẹ́ nǹkan bí ọ́ọ̀mù 0.385 péré. Ẹ fa wáyà tín-ín-rín, èyí tí ojú rẹ̀ jẹ́ mílímítà 0.5 níbùú lóròó, fún ọgọ́rùn-ún mítà ní àlọ àti àbọ̀: nǹkan bí ọ́ọ̀mù 7 nìyẹn, ẹ̀rọ yóò sì kà á sí dígírì 18. Bíárìn tó wà ní 62 yóò hàn bí ẹni tó ti dé 80, mọ́tọ̀ á kú, wọ́n á pe yín láàárín òru. Nítorí èyí ni wọ́n fi ń lo wáyà mẹ́ta: ẹ̀rọ á fi ìkẹta wọn ìdènà ojú ọ̀nà, á sì yọ ọ́ kúrò. Wáyà mẹ́rin ló péye jù, yàrá àyẹ̀wò ló sì máa ń lò ó. Bí síkúróò wáyà kan nínú mẹ́ta bá ti dẹ̀, tí ìpẹtà ti wọ̀ ọ́, ìyọkúrò náà kò bára mu mọ́. Ẹ máa fún síkúróò le.

Ẹ má gbàgbé gbólóhùn àkọ́kọ́ o. Kí a tó lè mọ ìdènà Pt100, a gbọ́dọ̀ rán iná gba inú rẹ̀ kọjá, iná náà a sì máa mú un gbóná. Ìgbóná ara rẹ̀ ló ń sọ, a sì ń dáná sí i lára! Nítorí náà ni iná tí wọ́n ń rán kì í fi í ju mílíáńpù kan lọ.

Lórí tẹmísítọ̀, n kò ní pẹ́. Michael Faraday ló kọ́kọ́ rí i ní 1833 pé nǹkan kan wà tí ìdènà rẹ̀ ń dín kù bí ó ṣe ń gbóná, fàdákà tí ó dàpọ̀ mọ́ imí-ọjọ́ ni ó ń yẹ̀ wò. Tẹmísítọ̀ òde òní wà nínú fíríìjì yín, ó wà nínú ẹ́ńjìnnì ọkọ̀, ó wà lára bátìrì fóònù. Ọ́ọ̀mù 10,000 ní 25°C ló wọ́pọ̀, á sì máa dín kù bí ìdá mẹ́rin nínú ọgọ́rùn-ún fún dígírì kọ̀ọ̀kan, nítorí náà wáyà gígùn kò rí i ṣe bíi ti Pt100. Ó yára, kò wọ́n, ṣùgbọ́n ní 150°C, ọ̀pọ̀ nínú wọn ti dé òpin ayé. Nínú iléeṣẹ́ símẹ́ńtì, inú kọ́ìlì mọ́tọ̀ ni ẹ ó ti rí ìbátan rẹ̀, èyí tí ìdènà rẹ̀ ń fò sókè lẹ́ẹ̀kan náà bí kọ́ìlì bá gbóná jù. Kì í sọ iye. Ó kàn ń sọ pé ó tó gẹ́ẹ́. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹ ń fi sẹ́ńsọ̀ DS18B20 ṣe ẹ̀rọ ìpa-ẹyin, ẹ kú iṣẹ́, ó tọ́ fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ kàn ṣọ́ra fún ayédèrú, ó pọ̀ lọ́jà.

Ó wá ku inú ìléru fúnra rẹ̀. Ta ló fẹ́ ti irin bọ inú páìpù tó ń yí, tí kílíńkà ń ṣubú nínú rẹ̀ ní 1,450°C? Òkèèrè ni a ti ń wò ó. Ní 1800, William Herschel, onímọ̀ ìràwọ̀, fi gíláàsì onígun mẹ́ta pín ìmọ́lẹ̀ oòrùn sí oríṣiríṣi àwọ̀, ó ń fi tẹmọ́mítà wọ̀n wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì rí i pé ìta àwọ̀ pupa, níbi tí ojú kò ti rí nǹkan kan, ló gbóná jù. Ìtànṣán yẹn ni infrared. Ohunkóhun tó ní ìgbóná ló ń tàn án jáde. Sẹ́ńsọ̀ ń gbà á, á sì fi ṣírò.

Àwọn bàbá wa mọ apá kan nínú rẹ̀. Àwọ̀ ni alágbẹ̀dẹ ń wò kí ó tó gbé òòlù. John William Draper kọ ọ́ ní 1847 pé ní nǹkan bí 525°C ni gbogbo ohun líle ń bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n lójú ẹni tó wà nínú òkùnkùn. Àwọn tó da ìbòjú Ọbalùfọ̀n ní Ilé-Ifẹ̀, èyí tó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ kìkì bàbà, dá iná tó kọjá 1,084.62°C láìní tẹmọ́mítà lọ́wọ́, nítorí pé bàbà kì í yọ́ kí ooru tó dé ibẹ̀. Ìwọ̀n yẹn gan-an, ìgbà tí bàbà bá ń dì, wà lára àwọn àmì tí ITS-90 fi gbogbo ayé ṣọ̀kan lé lórí.

Ibi tí infrared ti ń ṣini lọ́nà ni pé kì í ṣe gbogbo ara nǹkan ló ń tan ooru bákan náà ní ìgbóná kan náà. Emissivity ni orúkọ tí wọ́n kọ sára ẹ̀rọ fún un. Ohun dúdú tí kò dán lè tan 0.95 nínú 1; alumíníọ̀mù tó ń dán lè má ju 0.1 lọ, ìyókù tó ń wá láti ara rẹ̀ jẹ́ ooru àwọn nǹkan mìíràn tó ń ta padà bíi ti dígí. Ẹ na ìbọn ìgbóná sí páìpù alumíníọ̀mù tó lè bó yín lọ́wọ́, yóò ní kò gbóná. Ẹ fi ọ̀dà dúdú kun ibì kan lára rẹ̀, tàbí kí ẹ lẹ téèpù dúdú mọ́ ọn, kí ẹ tó wò ó. Ní 2020, nígbà COVID-19, irú ìbọn yìí ni wọ́n ń nà sí wa níwájú orí lẹ́nu ọ̀nà báńkì. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú ọkọ̀ tó ní ẹ̀rọ amúlétutù á jẹ́ 33, ẹni tó fẹsẹ̀ rìn nínú oòrùn á jẹ́ 38, àwọn ọlọ́dẹ á sì dá ẹlẹ́sẹ̀ náà dúró. Awọ ìta ni ẹ̀rọ náà ń wò, kò rí inú ara.

Ibi tó ń wò náà ń fẹ̀ bí ẹ bá ṣe ń jìnnà. Lára ọ̀pọ̀ ìbọn wọ̀nyí ni wọ́n kọ 12:1 sí: bí ẹ bá wà ní mítà 3.6, ojú tó ń wò ti fẹ̀ tó sẹ̀ńtímítà 30. Bí bíárìn tí ẹ ń wò bá kéré jù bẹ́ẹ̀, ẹ ti wo ògiri mọ́ ọn.

Nínú ìléru, eruku ló ń bo ojú sẹ́ńsọ̀. Wọ́n wá ń lo èyí tó ń wo àwọ̀ ìtànṣán méjì lẹ́ẹ̀kan náà tí ó sì ń fi ọ̀kan pín èkejì. Bí eruku bá dín méjèèjì kù bákan náà, ìpín náà kò yí padà. Ó wọ́n, ṣùgbọ́n níbẹ̀ ó tó owó rẹ̀. Lóde ìléru, ẹ̀rọ infrared mìíràn ń wo ara páìpù náà bí ó ṣe ń yí, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ara irin náà máa ń wà ní nǹkan bí 200 sí 350°C. Bí bíríkì kan bá já bọ́ nínú, ojú ibẹ̀ á gbóná ju àwọn ará rẹ̀ lọ, yóò sì hàn lójú kọ̀ǹpútà. Iléeṣẹ́ tí kò bá ní ẹ̀rọ yìí, ọlọ́dẹ òru ló máa wá sọ fún un pé ara ìléru ti pọ́n. Ẹ rántí Draper: nígbà tí ojú bá rí pupa, ó ti kọjá 500, irin náà ti ń rọ̀.

Mo ti ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé ríra sẹ́ńsọ̀ tó tọ́ ti parí iṣẹ́. Inú ẹ̀wù irin tí à ń pè ní thermowell la máa ń ki sẹ́ńsọ̀ bọ̀, kí gáàsì àti eruku má baà jẹ ẹ́. Bí ẹ bá ti ṣíbí bọ ẹ̀kọ gbígbóná, orí rẹ̀ á gbóná, ìdí rẹ̀ tí ẹ dì mú á sì máa gba ooru náà jáde. Bí ó bá jẹ́ pé orí rẹ̀ díẹ̀ ló wọ inú ẹ̀kọ, orí yẹn kò ní gbóná tó ẹ̀kọ láé. Thermowell kúkúrú ń ṣe bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Ara ògiri tó tutù ń fa ooru kúrò ní ṣóńṣó. Àwọn tó mọ iṣẹ́ a máa kì í wọlé tó ìlọ́po mẹ́wàá ìbú rẹ̀, ó kéré tán. Nínú ilé gogoro, ìyẹ̀fun a tún máa dì mọ́ ọn lára títí yóò fi nípọn bí ìkòkò amọ̀. Ooru á yí padà nísinsìnyí, nọ́ńbà á sì gbọ́ lẹ́yìn ìṣẹ́jú mélòó kan, ẹni tó ń darí iná á ti ṣe ohun tí kò yẹ kí ó ṣe. Nítorí èyí, àwọn iléeṣẹ́ kan máa ń pààrọ̀ sẹ́ńsọ̀ tí kò ṣe nǹkan kan. Ìyẹ̀fun tó dì mọ́ ọn ni kí wọ́n kọ́kọ́ gbá kúrò lára rẹ̀.

Àyẹ̀wò kò nílò owó púpọ̀. Yìnyín tí a fọ́ wẹ́wẹ́, tí a da omi tó mọ́ díẹ̀ sí, tí a rò pọ̀ nínú fúláàsì, yóò fún yín ní 0°C tó péye tó fún iṣẹ́ iléeṣẹ́. Omi tó ń hó jẹ́ 100 ní Èkó. Ní Jọs, tó ga tó nǹkan bí 1,200 mítà sókè òkun, nǹkan bí 96 ni. Fún ooru tó ga, ẹ fi sẹ́ńsọ̀ kan tí yàrá àyẹ̀wò ti fọwọ́ sí sínú ìléru kékeré, kí ẹ ki tiyín sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí ẹ sì dúró títí méjèèjì yóò fi fara balẹ̀.

Èrò tèmi lórí owó rèé. Bí ẹ bá ní owó díẹ̀ péré, wáyà gidi àti ìfisíbẹ̀ tó tọ́ ni kí ẹ kọ́kọ́ ná an lé. Pt100 olówó ńlá lórí wáyà méjì tó gùn burú ju tẹmọkọ́pù K gbẹ̀fẹ́ tí wọ́n fi síbẹ̀ dáadáa lọ. Níbi tó ju 600°C lọ, ẹ má rò ó, tẹmọkọ́pù ni. Láàárín 800 sí 1,050, ẹ bèèrè N kí ẹ tó gba K. Nísàlẹ̀ 300°C, níbi tí dígírì kan ti ṣe pàtàkì, Pt100 oníwáyà mẹ́ta. Ohun tó ń yí tàbí tí ọwọ́ kò lè dé, infrared, lẹ́yìn tí ẹ bá ti mọ irú ara tó ní.

Ẹ̀yin olùkọ́ pólì, ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ wa yí wáyà K padà ní ìdí méjèèjì nínú yàrá iṣẹ́ yín, kí wọ́n fi ojú ara wọn rí irọ́ náà kí wọ́n tó pàdé rẹ̀ níbi iṣẹ́. Ẹ̀yin ọ̀gá tó ń buwọ́ lu ìwé ọjà, ẹ má fọwọ́ sí ìwé tí kò kọ ibi tí sẹ́ńsọ̀ ń lọ, ooru tó ga jù níbẹ̀, àti bí wáyà yóò ṣe gùn tó. Ẹ̀yin tẹkiníṣíànù, bí ẹ bá dé ibi iṣẹ́ lọ́la, ẹ mú mágínẹ́ẹ̀tì kékeré kan dání, ẹ ṣí orí sẹ́ńsọ̀ K kan, ẹ fi kan apá méjèèjì. Bí èyí tó lẹ̀ mọ́ mágínẹ́ẹ̀tì bá wà lójú àròpọ̀, ẹ tún un ṣe kí ẹ tó pa ìdérí rẹ̀ dé.